Ilẹ̀ Tí Mo Gbé Wàsíù Sí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní etí ọ̀sà Ajah, kò tíì sí ọ̀nà ọlọ́dà kankan tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ ojú omi ni à ń wọ̀ lọ sí Èkó, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń rin ìyókù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní agbègbè náà kò ní gbàgbé iyanrìn funfun tó máa ń jó ni lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí a ó máa sáré láti abẹ́ igi àgbọn kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn, tí a ó máa gbé ẹsẹ̀ kan sọ èkejì. Ẹ fi iyanrìn yẹn sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ibi kan ṣoṣo ni ẹrẹ̀ gidi wà ní abúlé wa. Ẹ̀yìn ahéré tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja ni. Omi tí wọ́n fi ń fọ ẹja ń dà síbẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, omi ọ̀sà náà a sì máa yọ́ wọ ibẹ̀ bó bá kún, nítorí náà ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ó sì máa ń rùn bí edé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sí nígbà tí àwọn ìyá wọn bá ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́. Wọ́n á bọ́ wọn sí ìhòòhò, wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ ìdí nìkan sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á sì kó wọn dà sínú ẹrẹ̀ bí ẹni kó ẹ̀pìyà sínú agbọ̀n.

Ọmọ kì í pẹ́ sunkún níbi tí ẹrẹ̀ bá wà. Wọ́n á máa fi ọwọ́ lù ú, wọ́n á máa bù ú lé orí ara wọn, wọ́n á máa mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àkàrà, bí ẹni tó ń ṣọ́ wọn kò bá sì lajú dáadáa, wọ́n á jẹ àkàrà náà. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ojú àti eyín nìkan ló ń funfun lára wọn. Mo rántí ìyá kan tó gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé lọ́jọ́ kan. Ó ti da omi sí i lára tán kó tó rí i pé obìnrin ni ọmọ tó wà lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ni tirẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń bi í léèrè bóyá ọmọ náà ti padà di ọkùnrin.

Àwa ọmọbìnrin tí a jẹ́ bí ọmọ ọdún méje, mẹ́jọ, la máa ń ṣọ́ wọn. Iṣẹ́ náà kò le. A ó fọ́ àgbọn, a ó fi jẹ gàrí gbígbẹ, a ó ṣeré tẹ́n-tẹ́n, a ó sì máa yọjú wo ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ka orí àwọn ọmọ náà pé. Ìyá Àgbà, tí í ṣe ìyá bàbá mi, á jókòó sórí àpótí nítòsí, á máa hun ẹní. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdọ̀tí náà pọ̀ jù, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kọ́mọ fọwọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ náà ni gbogbo wa ó padà sí, kó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré." Àwàdà ni wọ́n fi ń ṣe. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà.

Ọmọ kan wà tí kì í sí nínú ẹrẹ̀ yẹn. Àbúrò mi ni, Wàsíù. Lẹ́yìn mi, ìyá mi bí ọmọ méjì, àwọn méjèèjì sì kú kí wọ́n tó mọ ìrìn. Nígbà tí Wàsíù wá dé, ẹ̀rù kò jẹ́ kí ìyá mi gbádùn rẹ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó so tírà mọ́ ọn lọ́rùn, ó so òmíràn mọ́ ọn nídìí, ó sì ṣe òfin kan tí gbogbo agbo ilé mọ̀: ẹsẹ̀ Wàsíù kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Orí ẹní ni kó ti máa rìn, tàbí kó wà lẹ́yìn èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti pé ọdún kan àti ààbọ̀, ó sanra, ó wúwo bí àpò iyọ̀, ẹ̀yìn mi a sì máa ro mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í lè nà tán bí mo bá dùbúlẹ̀. Ìyá Àgbà bá ìyá mi sọ ọ́ títí, pé ọmọ tí a kò bá jẹ́ kó tẹ ilẹ̀ kì í lágbára ẹsẹ̀. Ìyá mi á kúnlẹ̀, á ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun tọ́ eléyìí bí òun ṣe fẹ́.

Bí mo bá pọ̀n ọ́n dé ẹ̀yìn ahéré, á na ọwọ́ méjèèjì sí àwọn ọmọ tó wà nínú ẹrẹ̀. Kì í sunkún. Á kàn máa wò wọ́n láti èjìká mi, á sì máa mí sí mi lọ́rùn. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. Àánú ẹ̀yìn mi náà sì máa ń ṣe mí, kí n má purọ́.

Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn abupá wọ ọkọ̀ wá sí abúlé wa. Àwọn ni wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ họ ènìyàn ní apá kí àrùn má bàa mú un. Ṣòkòtò kákì ni wọ́n wọ̀, wọ́n gbé àpótí dání, wọ́n sì to gbogbo wa sí abẹ́ igi àgbọn. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi sín mi jẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n béèrè ọmọ kejì lọ́wọ́ ìyá mi, ó ní ó ti bá ìyá àgbà rẹ̀ lọ sóko. Lóòótọ́, Ìyá Àgbà kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ohun kan náà ni ìyá mi sì sọ fún mi láàárọ̀ nígbà tí mo jí tí n kò rí Wàsíù. Ohun tí mo rántí jù ni pé ikọ́ mú ìyá mi níbi tó dúró sí. Ó ń wúkọ́, ó ń wúkọ́, títí àwọn ọkùnrin náà fi wọ ọkọ̀ wọn lọ. N kò ro nǹkan kan sí i. Egbò apá mi ni mo gbájú mọ́.

Ọjọ́ kejì òjò àkọ́rọ̀ ni ìyá mi gbé ẹja lọ sí Èkó, tó sì fi Wàsíù sílẹ̀ fún èmi àti Ìyá Àgbà. Oòrùn ti tún yọ, ẹrẹ̀ sì kún ẹ̀yìn ahéré. Àwọn ọmọ mẹ́rin ti wà níbẹ̀, ariwo wọn ń dún. Ìyá Àgbà sùn lọ sórí ẹní tí wọ́n ń hun, ẹnu wọn là sílẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo tú ọ̀já.

Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹrẹ̀ náà ni. Ó fa ẹsẹ̀ sókè, ó wo ojú mi. Mo ní kó tún gbé e sílẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ẹrẹ̀ rú jáde láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó jókòó gbì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ta sí mi lẹ́nu. Ọmọ kan bu àkàrà fún un, ó gbà á, ó fi kan ẹnu, ó tú u dànù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, èmi náà ká aṣọ mi sókè, mo wọ inú ẹrẹ̀ tọ̀ ọ́. A ṣeré títí ẹ̀yìn mi fi gbàgbé pé òun ti ń ro mí. Nínú gbogbo ìgbà èwe mi, n kò ní ọjọ́ kan tó dùn tó ìyẹn.

Mo wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ọṣẹ dúdú. Mo fi àdí àgbọn pa á lára títí ó fi ń dán. Mo rò pé mo ti bo àṣírí ara mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi dé tó ń fún un lọ́mú, ó rí ẹrẹ̀ nínú ihò etí rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ilẹ̀ lo gbé ọmọ mi sí?"

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, ó ní kí n fìka gúnlẹ̀ ní iwájú ilé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ìyà náà: ìka kan lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹ̀yìn títẹ̀. Àwọn tó jẹ ẹ́ lórí ilẹ̀ tútù kò mọ tiwa. Iyanrìn náà gbóná bí agbada, ìka mi sì wú, ó lé ròrò. Mo sunkún, mo bẹ̀bẹ̀, ìyá mi kò ní kí n dìde títí Ìyá Àgbà fi jáde wá fà mí kúrò níbẹ̀. Ìyá mi ní òun fẹ́ kí n mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́, kí n má bàa gbàgbé mọ́. N kò gbàgbé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ara Wàsíù bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. A rò pé ibà ni. Ní ọjọ́ kẹta, nǹkan wẹ́wẹ́ sọ sí i lójú, ó tàn dé apá, ó tàn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bàbá mi ti odò dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n kó èmi kúrò nínú yàrá náà lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ tó mi lọ́jọ́ orí mọ àrùn tí mò ń sọ, èyí tó máa ń fi ihò sílẹ̀ sójú ẹni tó bá yè é. Àwọn àgbà wa kì í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá dárúkọ rẹ̀, ó ń gbọ́, á sì rò pé a pe òun ni. Orúkọ tí wọ́n ń fi bò ó ni ilẹ̀ gbígbóná. Àgbàlagbà ló mọ ìyẹn. Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ń sọ fún bàbá mi: "Ilẹ̀ gbígbóná ni. Ilẹ̀ gbígbóná ló mú un."

Ohun tí wọ́n sọ gan-an ni mo gbọ́. Ilẹ̀ ló mú un. Èmi ni mo sì gbé e sí orí ilẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ló sì ń jẹ́rìí sí i. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbálẹ̀ mọ́ nínú agbo ilé. Mo rò pé wọn kò fẹ́ kí ìgbálẹ̀ mú ilẹ̀ bínú sí i ni. Wọ́n ní kí àwa ọmọdé má ṣe rìn kiri lọ́sàn-án gangan. Mo yọ́ jáde ní ọ̀sán, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan iyanrìn iwájú ilé, ó sì jó mi. Mo wo ìka mi tí ìléròrò rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ìyá mi ti mọ̀, èmi ni n kò gbọ́. Ilẹ̀ gbóná lóòótọ́, ooru rẹ̀ sì ti wọ ara Wàsíù láti àtẹ́lẹsẹ̀.

Bí nǹkan bá gbóná, omi la máa ń dà sí i. Ìdí ààrò ni ìyá mi ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo mú igbá, mo lọ sídìí kànga, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi lọ sẹ́yìn ahéré. Kò sí ẹni tó ń yan ẹja níbẹ̀ mọ́ nítorí ẹ̀rù àrùn náà, kò sí ọmọ kankan nínú ẹrẹ̀, òjò náà sì ti dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń sán. Ibi tí Wàsíù jókòó sí lọ́jọ́ yẹn ni mo ń da omi sí. Mo dà á láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé Wàsíù gba ọmú díẹ̀. Inú mi dùn. Mo mọ ohun tó fà á, n kò sì sọ fún ẹnì kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo dà á ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Àgbà bá mi níbẹ̀. Omi kànga wa kì í pọ̀ nígbà tí òjò kò bá tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì ń wá èyí tí wọ́n máa fi rẹ aṣọ lé Wàsíù lára, wọn kò rí i. Wọ́n gba igbá lọ́wọ́ mi, wọ́n kó mi ní ìkó lórí. Wọ́n ní, "Ilé ń jó, ìwọ ń fomi ṣeré." Wọ́n bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Bí mo bá sọ pé mò ń fi omi pa ooru ilẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jáde títí àwọn yóò fi pè mí.

Lọ́jọ́ kẹrin, kò sí ẹni tó da omi sí ilẹ̀. Ọjọ́ náà ni Wàsíù kú.

N kò rí i. Àwọn àgbà ọkùnrin méjì tí àrùn náà ti ṣe rí ni wọ́n gbé e lọ, Ààfáà sì dúró lókèèrè kí wọ́n tó ṣàdúrà. Ojú ihò ilẹ̀kùn ni mo ti wo ìyá mi. Mùsùlùmí ni wá, a ń kírun ìgbà márààrún, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àtijọ́ kan kò tíì kúrò lára àwọn àgbà wa. Ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá mú lọ, wọn kì í sunkún rẹ̀. Wọ́n ní ṣe ni kí á dúpẹ́, kó má bàa padà wá mú òmíràn. Ìyá mi kúnlẹ̀ lórí iyanrìn iwájú ilé, ní ibi tí mo ti fìka gúnlẹ̀, ó sì ní òun dúpẹ́. Mo wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Omijé kankan kò jáde. Ojú rẹ̀ gbẹ bí ẹja tí wọ́n ti yan.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, wọ́n á dúró lókèèrè, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú tí gbogbo Yorùbá mọ̀: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ẹ̀yin mọ ìtumọ̀ rẹ̀, pé ọmọ ló lọ, ìyá ṣì wà. Èmi tí mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi ni mo gbọ́. Mo rò pé Ìyá Àgbà ti sọ fún gbogbo abúlé pé mo da omi nù. Mo wọ abẹ́ ẹní, mo sì di ẹnu ara mi mú kí ẹkún má bàa jáde, nítorí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má sunkún.

Láti ìgbà náà lọ, ìyá mi kò nà mí mọ́. Kò bá mi wí mọ́. Bí mo bá fọ́ àwo, á kàn ṣa àfọ́kù rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ìgbà tiwa, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò bá nà mọ́, ó ti já a jù sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà mìíràn tí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń rí i tó ń wo apá mi, á sì yí ojú kúrò kíá. Mo gbà pé kò fẹ́ rí mi sójú ni. N kò dá a lẹ́bi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà. Bàtà kì í wọ́n mi lẹ́sẹ̀, ì báà ṣe sálúbàtà tó ti já tí mo fi okùn so. N kì í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí mo bá rí ọmọ nínú ẹrẹ̀, mo máa ń gba ọ̀nà ibòmíràn. Àwọn ará abúlé ní mo ń ṣe fújà. Ìyá Àgbà lọ bá Ọlọ́run láì bi mí ní ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kejì, èmi náà kò sì sọ.

Nígbà tí mo máa fi lọ́kọ, ọ̀nà ọlọ́dà ti dé. Dírẹ́bà ni ọkọ mi, yàrá kan ni a gbà ní Igbó Ẹfọ̀n, ibẹ̀ ni mo sì bí àkọ́bí mi ọkùnrin sí. Ohun tí ìyá mi ṣe fún Wàsíù náà ni mo ṣe fún un. Ó ti lé ní ọdún kan, ẹ̀yìn mi ni ó ń gbé. Ọkọ mi bínú títí ó fi sú u.

Ìyá mi wá kí wa ní àsìkò òjò kan. Wọ́n ti darúgbó díẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ti ń gbọ̀n lọ́wọ́. A jókòó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ alájọgbé wa ń ṣeré nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ níta, ọmọ mi sì ń na ọwọ́ sí wọn láti ẹ̀yìn mi. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n mú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa á. Wọ́n bi mí ìdí tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tó ti tó rìn fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. N kò mọ ohun tó gbé e jáde lẹ́nu mi. Ohun tí mo ti dì sínú fún ogún ọdún ni mo tú sílẹ̀: ọ̀já tí mo tú, ẹrẹ̀, omi kànga, ọjọ́ kẹrin tí n kò rí omi dà. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí pé mo pa Wàsíù.

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Ta ló sọ fún ẹ pé ilẹ̀ ló pa á?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́. Ilẹ̀ gbígbóná."

Wọ́n wá sọ orúkọ àrùn náà gan-an fún mi, jẹ́jẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn nìyẹn. Mo ti kọ́ orúkọ náà níléèwé, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, síbẹ̀ n kò so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tiwa rí. Lẹ́yìn náà wọ́n ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, wọ́n fi ìka lé ojú àpá ìbupá tó wà ní apá mi.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí wọ́n ṣe eléyìí fún ẹ, Wàsíù ò lọ sóko. Inú ahéré ló wà, abẹ́ agbọ̀n ẹja. Èmi ni mo fi í pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yẹn máa ń mú ara ọmọ gbóná, mi ò sì fẹ́ kí ara ẹ̀ gbóná. Ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ agbọ̀n náà, ni mo ṣe ń wúkọ́, kí wọ́n má bàa gbọ́ ọ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ilẹ̀ kọ́, Sìkírà. Ìwọ kọ́."

N kò ní purọ́ fún yín, inú kọ́kọ́ bí mi. Ogún ọdún ni mo fi gbé ẹrù tí kì í ṣe tèmi. Mo wo ìka mi tó jóná lórí iyanrìn lọ́jọ́ yẹn, mo sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó máa dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n sun ún bí ọmọdé, pẹ̀lú ohùn, èjìká wọn ń gbọ̀n, àwọn ará ilé ń yọjú. Ẹkún tí àwọn àgbà kò jẹ́ kí wọ́n sun lórí iyanrìn ni. N kò ní kí wọ́n dákẹ́. Àwọn ènìyàn ti ní kí wọ́n dákẹ́ tó.

Nígbà tí ó rọlẹ̀, wọ́n fi ìdí aṣọ nu ojú, wọ́n tú ọ̀já mi fúnra wọn, wọ́n sì gbé ọmọ mi lọ sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà fa ẹsẹ̀ sókè, ó wo ojú ìyá mi, ó tún gbé e sílẹ̀. Nígbà tó bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi àti èmi wo ara wa, a kò sì sọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi ti lọ báyìí, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Èmi náà ti di ìyá àgbà. Ayé ti yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ibi tí ahéré ìyanja wa wà mọ́. Wọ́n ti da iyanrìn sí etí ọ̀sà, wọ́n mọ ògiri yí i ká, ẹni tí a kò bá mọ̀ ní ẹnu géètì kò lè wọlé. Nígbà tiwa, ikú ń wá ọmọ kiri, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà tí ọmọ lè jókòó sí. Lóde òní, àrùn yẹn ti tán láyé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kò sí àpá ìbupá lápá àwọn ọmọ mi tó kéré. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin yẹn ní Ṣàngótẹ̀dó ni mò ń gbé, sìmẹ́ńtì àti táìsì sì ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé géètì. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi oògùn apakòkòrò pa ọwọ́ ọmọ wọn ní wákàtí-wákàtí. Ọmọ dáadáa ni, n kì í bá a jà. Ẹ̀rù ọmọ ló ń ba gbogbo ìyá, ohun tí olúkúlùkù fi ń dí i ló yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òfìfo kan wà lẹ́yìn ògiri wa tí wọn kò tíì kọ́ ilé sí. Bí òjò bá rọ̀, tí ìyàwó ọmọ mi sì ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbé ọmọ náà lọ síbẹ̀. Mo máa ń bọ́ bàtà mi, mo máa ń bọ́ tirẹ̀. Kí n tó sọ̀ ọ́, mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ ná. Mo mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà báyìí, síbẹ̀ n kò tíì gbàgbé ṣe é lọ́jọ́ kan. Mo ṣe é láàárọ̀ yìí pẹ̀lú. Mo fi ọwọ́ lé e, mo dúró díẹ̀. Ó tutù. Mo gbé ọmọ sí i.